Àga Tí Aránṣọ Kò Jókòó Lé

Ọjọ́ tí olùkọ́ kọ́kọ́ rí aránṣọ, àga ló gbé wá fún un.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Ohun tó ń kọ́ wọn ni bí a ṣe ń ya ohun èlò kí a tó ṣe é: àga, àtùpà, ìkòkò, ohunkóhun tí ọwọ́ ènìyàn máa kàn. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe àga yìí. Ó ń ga, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń gba ẹ̀yìn dúró. Ẹni tó ń ránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Aránṣọ dúpẹ́. Ó fọwọ́ pa igi náà, ìka rẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, bí ìgbà tó ń wá ojú rírán lára aṣọ. Olùkọ́ kò tíì rí ẹni tó wo àga báyẹn rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wò ó. Aránṣọ wà lórí àpótí rẹ̀ àtijọ́, ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀ ló wà lórí àga, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ń kí àwọn tó ń kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan bi aránṣọ bóyá àga náà kò bá a lára mu ni.

"Ó bá mi lára mu," ni aránṣọ wí. "Òun ló dára jù nínú ilé yìí. Ṣé kí n wá gorí rẹ̀, kí ìyá mi máa wò mí láti orí àpótí?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wọn ẹ̀yìn, wọ́n ti wọn orúnkún. Kò sẹ́ni tó wọn ìyá.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni olùkọ́ ti ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àṣà ló ń pinnu bí a ṣe ń lo nǹkan. Ó ń sọ ọ́ ni. Ọjọ́ yẹn ló tó rí i. Ó wo obìnrin aránṣọ náà, inú rẹ̀ pa rọ́rọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí òkun nígbà àkọ́kọ́.

Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, òun nìkan. Ó ní kó bá òun dín ṣòkòtò kù. Lọ́jọ́ kẹta, ṣòkòtò mìíràn. Nígbà tó gbé ìkarùn-ún dé, tó tún dúró tó ń wo iṣẹ́ rẹ̀, aránṣọ na ṣòkòtò náà sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Awòran, ṣòkòtò yìí kò fẹ́ dídínkù. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ jókòó."

Ó jókòó. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Eyín ni aránṣọ fi ń gé òwú, bẹ́ẹ̀ sísọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ bi í pé èéṣe. Ó ní aṣọ ló ni sísọ́ọ̀sì, eyín ló ni òwú; bí ìyá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn. Olùkọ́ ronú sí èyí délé.

Lẹ́yìn ọdún kan, ó ní kó fẹ́ òun. Aránṣọ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo nífẹ̀ẹ́ yín, olólùfẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ta ni kí n fi ìyá mi sílẹ̀ fún?"

Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ìyá náà sì ti là á mọ́lẹ̀ pé òun kò ní gbé ilé àna láéláé, kí òun má baà máa tọrọ ọ̀nà kí òun tó kọjá. Ọkùnrin méjì ti torí ọ̀rọ̀ yìí padà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

Olùkọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní òun fẹ́ lọ máa gbé ilé ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi í bóyá àwọn á wá máa sin ọkọ bí ẹni ń sin ìyàwó. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun kò ní bá a dé ibẹ̀.

Olùkọ́ dá lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá.

"Ìyá, n kò wá mú un lọ. Yàrá kan ni mo wá tọrọ. Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín gbé."

Ẹ̀rọ aránṣọ dákẹ́. Ìyá bi í bóyá ó mọ ohun tí àdúgbò á máa pè é. Ó ní òun mọ̀. Ìyá ní kí ló wá dé.

"Láti ọjọ́ yìí wá, mò ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé, mo sì ń lọ. Ilé yìí nìkan ló ṣe mí bíi kí n má lọ mọ́."

Ìyá nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé.

"Yàrá ẹ̀yìn ń jò," ló wí. "Ọkọ mi ló máa ń gun òrùlé rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, n kò jẹ́ kí ọkùnrin kankan gùn ún. Ṣé o lè gùn ún?"

"Mo lè gùn ún, mà."

"Lọ gùn ún, ọmọ mi, kí òjò tó dé."

Ó gùn ún. Nígbà tó wo ilẹ̀, aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì di àkàsọ̀ mú, ó gbé ojú sókè, omijé ń dán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ kò wò ó láti òkè rí. Ìṣó wà láàárín ètè rẹ̀, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbàgbé ohun tó tìtorí rẹ̀ gun òrùlé.

"Ẹ rọra," ni obìnrin náà wí, "ọkọ mi."