Kòkòrò Orí Aṣọ Ibùsùn Rosenda

N kò ní fi ikú ìyàwó mi purọ́. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

A sin Rosenda sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní ẹsẹ̀ òkè Sierra Madre. Ogójì ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Títí yóò fi pé, a kì í pa kòkòrò tó bá wọlé wa. Ó lè jẹ́ olóògbé ló wá wo ilé.

Ọ̀sẹ̀ náà ni Dókítà Nenita dé. Ọdọọdún ló ń wọ̀ sílé wa. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ni àwọn kòkòrò bíńtín tó ń fò láti ewé dé ewé, tó ń fa omi igi mu. Aṣọ funfun tó máa ń ta síwájú iná níta lálẹ́, láti fi fa kòkòrò, ti ya. Mo mú aṣọ ibùsùn wa fún un. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Oòrùn wọ̀. Afẹ́fẹ́ dúró. Kòkòrò kan bà lé aṣọ náà, ọrùn rẹ̀ pupa, ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ bí omi. Dókítà mú un. Ó gbé awò sójú, ó ń yí i wò.

"Bàbá Doro, kò sẹ́ni tó tíì kọ nípa èyí rí láyé. Akọ ni. Màá pa á, màá tú ibi ìtìjú rẹ̀ wò. Ibẹ̀ la fi ń dá wọn mọ̀."

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ò nítìjú."

"A ò ní. Orúkọ Màmá ni màá sọ ọ́."

Orúkọ Rosenda, nínú ìwé, títí ayé. A kò bímọ. Inú mi dùn.

"Ìta ló bà sí, àbí?" ni mo bi í.

"Ìta ni, Bàbá. Àbí kí n bi í ní ibi tó ti ń bọ̀?"

Ó kọ́kọ́ gbé e sórí ẹ̀ka gúáfà, ó so wáyà ẹ̀rọ agbóhùn mọ́ ẹ̀ka náà. Ìgbọ̀n ewé ni irú kòkòrò yìí fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Etí lásán kò lè gbọ́ ọ. Ó ki wáyà kejì bọ̀ mí létí.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń wá ìyàwó."

Gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, kó, kó. Ìdákẹ́jẹ́. Kó.

Nígbà tí ohùn Rosenda lọ nínú àìsàn, bó ṣe ń fi èékánná kan igi bẹ́ẹ̀dì pè mí nìyẹn. Orí aṣọ yẹn gan-an ló dùbúlẹ̀ sí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé aṣọ náà kì í ṣe ìta; ilé wa ni.

Mo fi èékánná kan ẹ̀ka, bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn.

Kòkòrò náà dákẹ́. Ó dáhùn.

"Kí lẹ sọ fún un?" Dókítà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi."

"Bàbá, orúkọ Màmá ń lọ nìyẹn o."

"Jẹ́ kó lọ."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó gbé ìgò olóró tó fi ń pa kòkòrò kalẹ̀ kó lè tú wáyà. Ẹnu ìgò ṣí sílẹ̀. Kòkòrò náà yí ara padà lórí ewé, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kọjú sí wa.

Ó fò. Inú ìgò ló bà sí.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú àwa méjèèjì.

Ìwé náà ti jáde. Wọ́n kọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọrùn pupa. Wọ́n fi Látìn wọn lọ́ ìdí orúkọ náà díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni. Dókítà ti padà wá lọ́pọ̀ ìgbà, igi kan náà, iná kan náà. Kò tíì rí ẹlòmíràn bíi rẹ̀.

Mo ń sùn dáadáa báyìí. Mo ń jẹ ìrẹsì mi tán. Ẹni tó wọ inú ìgò yẹn, n kò mọ̀ ọ́n.