Ìwé Tí Lazarus Kọ̀ Láti Tà

"Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò ní ta ìyẹn fún un."

Lazarus gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, ó fi í sẹ́yìn. Inú bí Sàwúdátù. Láti àdúgbò Ladi-Lak ló ti mú Níní wá sí ìsọ̀ ìwé àlòkù yìí ní Akoka. Ọmọ ọdún méje ni Níní, kíláàsì kejì tí Sàwúdátù ń kọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ìwé àwọn ará kíláàsì karùn-ún kò tó o kà mọ́.

"Ẹ rò pé kò lè kà á ni?"

"Ó lè kà á dáadáa. Àmọ́ ọkùnrin inú ìwé yìí ń lu ìyàwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣé ẹ fẹ́ kó gbé ìyẹn sùn?"

Lazarus lóṣòó síwájú ọmọ náà.

"Kí ló máa ń wù ẹ́ láti mọ̀?"

"Bí ẹja ṣe ń mí."

Ó fa ìwé ńlá kan yọ nípa ẹja, ti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. "Àwọn ọ̀rọ̀ kan le níbẹ̀. Àǹtí, ẹ má fi ṣe ìdánwò fún un o. Ẹ sáà ní kó sọ èyí tó dùn mọ́ ọn jù. Níbi tó bá ti há, kí ẹ jọ wò ó."

Ní Sátidé kejì, Níní kó ìbéèrè mọ́kànlá wá. Lazarus, ọmọ apẹja Ìlàjẹ, dáhùn mẹ́sàn-án. Ó ní òun máa bi bàbá òun ní méjì tó kù. Wọ́n tún padà wá gbọ́ èsì. Nígbà tó yá, Sàwúdátù ń dá wá.

"Olólùfẹ́ mi," ni Lazarus wí lọ́jọ́ kan, "Sátidé tí o máa ń wá nìkan ni mò ń retí nínú ọ̀sẹ̀ mi."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò ní fi pa mọ́."

Kò sì fi pa mọ́ nílé. Bàbá rẹ̀, Alhaji Ràmọ́nì, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì sí Fola Agoro, fò dìde.

"Onígbàgbọ́! Tó ń tàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì! Kí ni màá wí fún ẹbí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó?"

"Bàbá, mi ò ní yí ẹ̀sìn mi padà, kò sì ní kí n yí i. Mi ò ní sá lọ. Ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́, màá dúró títí ẹ ó fi gbà."

Oṣù méje ni bàbá fi kọ̀ jálẹ̀. Ó dun Sàwúdátù, ó sunkún, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò mì.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Alhaji wọlé, ó ṣí fìlà.

"Mo lọ sí Akoka. Mi ò sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní mo fẹ́ ra ìwé fún Ameer, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Èwo ló tà fún yín?"

"Kò ta nǹkan kan! Ó bi mí ní ohun tó ń pa ọmọ náà lẹ́rìn-ín, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Mi ò mọ ọ̀kankan. Ó ní kí n lọ jókòó ti ọmọ-ọmọ mi ná, kí n wá mú un wá." Ó jókòó. "Sàwú, ẹni tó ṣe báyìí nítorí ọmọ tí kò rí rí, kò ní fìyà jẹ ọmọ mi. Ní kó mú àwọn ará ilé rẹ̀ wá."

Sàwúdátù pe Lazarus lórí fóònù.

"Bàbá kan tó dé fìlà pupa wá bá ẹ lónìí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ sọ̀rọ̀ sí wọn díẹ̀."

"Bàbá mi ni."

"Yéè! Mo gbé!"

"O ò gbé, ọkọ mi. Wọ́n ti gbà!"

Oṣù Kejìlá ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní kóòtù. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ síwèé, Alhaji Ràmọ́nì ló kọ́kọ́ dìde, ó fi ọwọ́ akọ̀wé àtijọ́ kọ orúkọ rẹ̀ gbọọrọ.