Ọkọ Tí Abẹ́rẹ́ Kì Í Dùn

Ẹ má pè é ní àlọ́ o. Ó ṣẹlẹ̀. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ kan ilẹ̀kùn. Èmi ò ní tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn tí àwọn òkú tó ń rìn ti da ìlú rú, tí àwọn ará ìlú sì ti dáná sun àwọn òkú náà, ọkọ aránṣọ kan padà wálé. Gbogbo ènìyàn ti rò pé ó bá wọn lọ. Aránṣọ yìí ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, àfi bó ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà tó ń rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ọkọ ń jẹun, ó ń sùn, ó ń pè é ní "Alábẹ́rẹ́ mi" bíi tàtijọ́.

Òfin kan wà nígbà náà: àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ya ilé dé ilé, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún tọmọdé tàgbà. Òkú kì í mọ ìrora. Ẹni tó bá ké, alààyè ni. Ẹni tí kò bá ké, iná ni. Wọ́n ti gún ọkọ yìí ní bodè kó tó wọ̀lú, òun náà sì ké bí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ṣe ké. Wọn ò tíì dé àdúgbò aránṣọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bọ́tìnnì já lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ. Ìyàwó kì í jẹ́ kó bọ́ ọ. Bó ṣe wà lọ́rùn rẹ̀ ló máa ń rán an, kó lè ráyè sún mọ́ ọn. Ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikùn ló já bọ́tìnnì, kì í ṣe òwú. Ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọ àyà ọkọ títí dé ibi òwú.

Ọkọ ò mira.

"Yéè!" ni ìyàwó ké.

Ọkọ wo ojú rẹ̀. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fajú ro. "Yéè! O gún mi o, Alábẹ́rẹ́."

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi."

Ìyàwó tún mú abẹ́rẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín sí ọkọ, ó sì rọra tì í bọ itan ọkùnrin náà. Ọkọ rẹ́rìn-ín padà, abẹ́rẹ́ wà nínú ẹran.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí. Ojú ìyàwó rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń wò kó tó mọ ìgbà tó yẹ kó ké.

Ẹ̀rù ba ìyàwó dé egungun. Ṣé kó pe ẹ̀ṣọ́ ni? Ó ti ṣọ̀fọ̀ ọkọ yìí lẹ́ẹ̀kan, kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ká má parọ́, ó fẹ́ràn rẹ̀.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. "Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ̀ṣọ́ ni!"

Ìyàwó di ọkọ lọ́wọ́ mú. "Ojú mi ni kó o máa wò."

"Kí ló dé?"

"Ṣáà máa wò mí."

Ẹ̀ṣọ́ tó wọlé, obìnrin kúkurú kan ni, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó gún ọkọ lápá. Ìyàwó ti fún ojú pọ̀.

"Yéè!" ni ọkọ ké.

"Ó dáa." Ẹ̀ṣọ́ yíjú. "Ìwọ náà, mú apá wá."

Ìyàwó na apá. Kí ló kàn án? Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò, tìfẹ́tìfẹ́. Abẹ́rẹ́ wọ apá rẹ̀, ó ń dúró de ìrora. Ó dúró. Ẹ̀ṣọ́ gbójú sókè.

Ọkọ fún ojú pọ̀.

"Yéè!" ni aránṣọ ké.

Ẹ̀ṣọ́ jáde, ó palẹ̀kùn dé. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lápá aránṣọ. Ó tẹ ibẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò dùn ún.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ nípa tèmi?"

Ọkọ ń wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ń dúró kó mọ ohun tó yẹ kí ojú tiẹ̀ ṣe.