Bàbá Tó Lọ Jẹ́rìí Pé Òun Kọ́ Ló Bí Ọmọ Òun

Tí ẹ bá dé Ihunbo, nítòsí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, tí ẹ ń béèrè Micah Ọdẹkúnlé, agbára káká ni ẹ ó fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Bàbá Ọmọ́délé, kíá ni wọn yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Lábísí, ìyá ọmọ náà, kú nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá ò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Òun ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ, òun náà ló ń ro oko ẹ̀gẹ́ tó fi rán Ọmọ́délé dé ilé ìwé gíga ní Ìlaròó.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí. Fóònù Ọmọ́délé dún. Ó gbé e sétí, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fò sókè.

"Bàbá! Wọ́n ti mú mi! Amẹ́ríkà ti mú mi!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tíì yé Bàbá tí òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn aládùúgbò ti ń kí i ní Bàbá Amẹ́ríkà.

Lọ́tìrì físà ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ní àkókò tí à ń sọ yìí, Amẹ́ríkà máa ń fi lọ́tìrì yan àwọn èèyàn láti àwọn orílẹ̀-èdè kan. Orúkọ Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, torí pé àwọn èèyàn wa tó ti lọ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n orúkọ Bẹ̀nẹ̀, orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà, wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bí èèyàn ni wọ́n sì ń wò.

Ọláoyè, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìdí-Ìrókò, ló bá Ọmọ́délé fi orúkọ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ní ìlú tí Ọ̀jẹ̀túndé, àbúrò bàbá rẹ̀, ń gbé.

"Ṣùgbọ́n Ihunbo ni wọ́n bí mi sí," ni Ọmọ́délé sọ lọ́jọ́ yẹn.

Ọláoyè rẹ́rìn-ín. "Ihunbo dà, ọ̀hún dà? Ṣebí ọ̀kadà ń gbé èèyàn débẹ̀ kíá. Àbúrò bàbá ẹ ò ha ń gbébẹ̀? Àbúrò bàbá ẹni, ṣé kì í ṣe bàbá ẹni náà ni? Irọ́ wo ló wá wà ńbẹ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì máa fi Ọmọ́délé rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí ẹni tó ń gbé ẹnubodè. Ìdajì ẹbí wa ló wà lọ́hùn-ún. Bí a bá ń sìnkú níhìn-ín, àwọn ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbéyàwó lọ́hùn-ún, àwa la máa ń jókòó níwájú. A kì í ka àbúrò bàbá sí ẹlòmíràn rárá. Ibi tí Ọláoyè ti rí wọn mú gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n yan Ọmọ́délé, ó ku kó ní ìwé ọjọ́ ìbí ti Bẹ̀nẹ̀ tí yóò gbé lọ síwájú àwọn aṣojú Amẹ́ríkà ní Kútọnu. Ọ̀jẹ̀túndé gbà pé kí wọ́n kọ òun sílẹ̀ bíi bàbá, kí wọ́n sì kọ Pélagie ìyàwó òun bíi ìyá. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀kan wà nílẹ̀, àìsàn dá èkejì dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Bàbá Ọmọ́délé bá wọn lọ torí kó lè fojú kan àbúrò rẹ̀ ni. Ọláoyè yíjú sí i.

"Bàbá, ẹ̀yin náà lè ṣe é."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Kí ẹ jẹ́rìí pé ọmọ àbúrò yín ni."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ó ń retí kó sọ pé rárá, bàbá mi nìyí. Ọmọ́délé ń tẹ fóònù rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Tó bá jẹ́ ohun tó máa gbé e débẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní mérì lọ́hùn-ún. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó fi bírò rẹ̀ tọ́ka sí Bàbá.

"Kí lorúkọ yín?"

"Bàbá Ọmọ́..." Ó gbé ìyókù mì. "Micah Ọdẹkúnlé."

"Kí lọ́mọ yìí jẹ́ sí yín?"

"Ọmọ àbúrò mi ni."

"Ó mà jọ yín o. Àfi bíi pé ẹ̀yin gan-an lẹ bí i."

Ọláoyè bú sẹ́rìn-ín. Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ẹ̀rín náà kò jáde. Akọ̀wé kọjú sí Ọmọ́délé.

"Ìwọ, kí lorúkọ ìyá rẹ?"

"Pélagie," ni Ọmọ́délé dáhùn. Kò kólòlò, kò sì ronú.

Bàbá sorí kọ́. Lábísí tó rọbí ní Ihunbo títí tí gbogbo obìnrin agbo ilé fi ń sunkún, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fi nù ún kúrò láyé ọmọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló tún dúró ṣe ẹlẹ́rìí. Ojú tì í débi pé wọ́n ní láti di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó rí ibi tí yóò tẹ̀ka sí. Akọ̀wé ní kí wọ́n padà wá gba ìwé náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, Ọláoyè kìlọ̀ fún Ọmọ́délé. "Má pè wọ́n ní Bàbá mọ́ o. Bàbá Ihunbo ni kóo máa pè wọ́n, kẹ́nu ẹ lè mọ́ ọn. Òyìnbó Kútọnu ò gbọdọ̀ gbọ́ àṣìsọ lẹ́nu ẹ."

Ọmọ́délé sì ṣe bẹ́ẹ̀. "Bàbá Ihunbo, oúnjẹ ti délẹ̀." "Bàbá Ihunbo, mo ń jáde." Ní ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá kò dáhùn. Nígbà tó yá, ó ń dáhùn bí àlejò ṣe ń dáhùn nílé onílé. Kò bá ọmọ rẹ̀ jẹun pọ̀ mọ́. Yóò ní òun ti jẹun lóko. Bí àwọn aládùúgbò bá sì ń kí i ní Bàbá Amẹ́ríkà, yóò yà gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni Olúfúnmilọ́lá wálé. Ọmọ agbo ilé tó tẹ̀ lé tiwọn ni, nọ́ọ̀sì ni ní Amẹ́ríkà, ó sì ti di ọmọ ilẹ̀ náà. Lábísí ló máa ń di irun fún un nígbà tó wà ní kékeré, nítorí náà kò lè dé Ihunbo kó má wá kí Bàbá.

"Bàbá, mo gbọ́ pé àbúrò mi ń bọ̀ wá bá wa lọ́hùn-ún. Ẹ kú oríire o."

"O ṣé, ọmọ mi." Bàbá sún mọ́ ọn. "Jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Tó bá di ọmọ Amẹ́ríkà tán, ṣé ó lè mú mi wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀?"

"Ó lè ṣe é dáadáa. Ẹni tó bá ti di ọmọ ibẹ̀ lè kọ̀wé béèrè fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Bí mo ṣe mú Màámi lọ nìyẹn."

"Tó bá wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá? Rárá o, òfin wọn ò fàyè gba ìyẹn. Kí ló dé?"

Kí Bàbá tó sọ ọ́, Ọmọ́délé jáde láti inú yàrá. "Bàbá Ihunbo, ṣé kí n..." Ó rí àlejò, ó sì gé ọ̀rọ̀ náà dúró.

"Ta ló ń jẹ́ Bàbá Ihunbo?" ni Olúfúnmilọ́lá béèrè.

Wọ́n ní láti sọ ọ́. Ọmọ́délé sọ díẹ̀, Bàbá sọ díẹ̀, kò sí èyí tó lè wo ojú èkejì. Olúfúnmilọ́lá ò pariwo lé wọn lórí. Ì bá sàn kó pariwo.

"Jókòó, àbúrò mi. Kí lo rò pé wọ́n ń pè ní ọmọ Amẹ́ríkà?"

"Ẹni tó ní páálí wọn ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kéèyàn rí iṣẹ́ gidi ṣe, kó lè wọlé kó lè jáde."

"Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn, títí dọjọ́ tí mo lọ búra. Ará Mẹ́síkò wà níbẹ̀, ará Íńdíà wà níbẹ̀, ará Gánà wà níbẹ̀. A ò jọra wa, a ò sọ èdè kan náà nílé. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbàgbé Ihunbo. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa nìkan ló sọ wá di ọ̀kan: a gbọ́wọ́ sókè, a sì ṣèlérí pé òfin ilẹ̀ náà la ó máa tẹ̀ lé. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, òṣìṣẹ́ wọn ti bi mí lábẹ́ ìbúra bóyá mo ti purọ́ fún ìjọba wọn rí. Kí ni ìwọ máa sọ?"

"Màá ní rárá."

"O ti fi irọ́ lé irọ́ nìyẹn."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Tí wọ́n bá mọ̀ ní Kútọnu, wọ́n lè tìlẹ̀kùn mọ́ ọ títí láé. Tí o bá ti di ọmọ ibẹ̀ kí àṣírí tó tú, wọ́n ṣì lè gba ìwé ọmọ ilẹ̀ náà padà lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n dá ọ padà sílé, kódà tí irun rẹ bá ti funfun. Ṣùgbọ́n ká ní wọn ò mọ̀. Bàbá ń ṣàìsàn, o fẹ́ mú wọn wá tọ́jú. Kí lo máa pè wọ́n? O ti bímọ, ọmọ ń bi ọ́ pé ta ni bàbá rẹ. Ṣé ẹni tó wà lórí páálí lo máa dárúkọ?"

Ọmọ́délé kó ọ̀rọ̀ Ọláoyè jáde. "Ṣebí nílẹ̀ wa, àbúrò bàbá, bàbá náà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìfẹ́ la fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo la wá ń fi lé ẹni tó bí wa jáde?"

Bàbá gbójú sókè. "Fúnmilọ́lá, má bá a wí. Èmi àgbàlagbà ni mo dúró níwájú èèyàn tí mo ní mi ò bí i. Mo gbọ́ tó pe orúkọ obìnrin mìíràn, mo sì tẹ̀ka sí i." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Mi ò lè wo apá ibi tí sàréè Lábísí wà mọ́."

Ọmọ́délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó fẹ́ pe bàbá rẹ̀, kò sì mọ orúkọ tí ẹnu òun yẹ kó pè.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá àti ọmọ padà sí mérì náà. Èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn ló tò síwájú wọn àti sẹ́yìn wọn. Ojú gbogbo wọn ni Ọmọ́délé ti sọ ọ́.

"Bàbá mi rèé. Irọ́ la pa fún yín. Ẹ má fún mi níwèé náà."

Gbogbo ẹni tó tò ló yíjú wò wọ́n. Akọ̀wé ò tíì gbé ìwé náà fún ọ̀gá rẹ̀ láti fọwọ́ sí. Ó bá wọn wí bí ẹní ń bá ọmọdé wí, ó ní òun lè ní kí wọ́n ti àwọn méjèèjì mọ́lé, ó sì lé wọn jáde. Ìtìjú yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí wọn.

Àǹfààní náà lọ bẹ́ẹ̀. Ọláoyè ní òpè ni wọ́n. Àwọn kan ní Ihunbo ṣì ń sọ pé Bàbá ló dínà mọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ́délé ti padà sí pípe bàbá rẹ̀ ní Bàbá. Bàbá sì ń dá a lóhùn. Ó ti dárí ji ọmọ. Ara rẹ̀ ni kò tíì dárí jì.

Ẹ̀yin ará Yewa, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹnubodè, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má lọ. Ẹ lọ síbi tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n òfin ìrìnàjò ń yí padà lemọ́lemọ́, nítorí náà ẹ bi àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè náà fúnra wọn, ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìkànnì wọn, kí ẹ tó gbọ́ ti oníṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kọ ohun tí ẹ kò lè búra sí. Tí wọn ò bá mú ìlú yín lọ́dún yìí, ẹ wá ọ̀nà òótọ́ mìíràn: ẹ̀kọ́ ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni, tàbí ẹbí tó lè kọ̀wé béèrè fún yín lọ́nà tó tọ́. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́rìí èké nítorí ìfẹ́ ọmọ. Ọmọ lè lọ tán kí ẹ̀yin má ní orúkọ tí wọn yóò pè yín mọ́.

Ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ di ọmọ rẹ̀ yóò ní kí ẹ búra. Ẹ gbé orúkọ bàbá yín lọ síbẹ̀, tàbí kí ẹ dúró tì í.