Irin Ojú Fèrèsé Màmá

Olè ti wọlé Tíṣà àti ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan kí Tíṣà tó lọ wá ẹni tí yóò fi irin dí fèrèsé. Bí ó ṣe pàdé Wẹ́dà nìyẹn. Ọkùnrin náà bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ó ní ṣé fèrèsé nìkan ni wọ́n fẹ́ tì pa, àbí ọkàn Tíṣà náà wà níbẹ̀. Tíṣà ní kó gbájú mọ́ irin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti pa á kó tó délé.

Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ àwọn méjèèjì lára. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ìlú tí wọ́n ń gbé ni. Wẹ́dà ti rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi lókèèrè, ó sì fẹ́ kí wọ́n jọ lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Tíṣà kọ̀. Omi ẹ̀rọ kì í yọ, iná ń ṣe ségesège, gọ́tà òpópónà wọn ń rùn bí òkú eku. Síbẹ̀, tó bá gun orí afárá láàárọ̀, tó rí àwọn òrùlé tó ti dípẹtà lọ súà, inú rẹ̀ a máa dùn ṣáá.

"Kí lo rí níbẹ̀ gan-an?" Wẹ́dà bi í lọ́jọ́ kan.

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

Wẹ́dà ní òfin kan. Kì í ṣe irin fèrèsé láìfi ilẹ̀kùn kékeré sí i, tí àgádágodo rẹ̀ yóò wà nínú ilé, torí ìjàǹbá iná. Màmá Tíṣà ní òun kò fẹ́ ilẹ̀kùn kankan, pé ibi tí ènìyàn lè bá jáde ni olè yóò bá wọlé. Wẹ́dà mọ̀ pé ẹnu Màmá ni ìgbéyàwó òun wà. Ó jó irin náà pa láìfi ilẹ̀kùn sí i. Màmá fi ọwọ́ mi irin náà, kò mì, ó sì pe Wẹ́dà ní ọkọ ọmọ òun fún ìgbà àkọ́kọ́.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, iná mànàmáná tó ti lọ fún ọjọ́ mẹ́rin dé pẹ̀lú agbára, ilé sì gbiná. Tíṣà wà nílé ìwé. Kó tó sáré dé, iná ti gba pálọ̀, Màmá wà ní yàrá lẹ́yìn irin. Gbogbo àdúgbò ti tò, wọ́n ń na garawa síra wọn. Ọkọ̀ panápaná dé, kò sí omi nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní ìkángun òpópónà di irin náà mú títí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi bó. Iṣẹ́ Wẹ́dà kò yẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dá Wẹ́dà lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n Màmá tilẹ̀ sọ pé olóògbé ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà, kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Tíṣà náà kò sọ nǹkan kan, ìyẹn ló sì ń pa Wẹ́dà. Ó ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń gé ilẹ̀kùn sára irin tí àwọn wẹ́dà mìíràn ti jó pa. Yàrá tí Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ háyà ló ṣe kẹ́yìn, ó sì gbé báàgì rẹ̀ wá síbẹ̀.

"Jẹ́ ká lọ, olólùfẹ́ mi. Ìlú yìí ló pa Màmá."

"Àwọn ará ìlú yìí náà ló fọwọ́ di irin gbígbóná torí rẹ̀."

Wẹ́dà gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Mo mọ̀," ni Tíṣà wí.

Wẹ́dà fi kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà sí i lọ́wọ́, ó sì lọ. Tíṣà wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré ojú fèrèsé. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Ó yọ orí síta, ó rí Wẹ́dà tó ń fo gọ́tà níbi tó fẹ̀ jù, láìwo ilẹ̀, bí gbogbo ọmọ ìlú náà ṣe ń fò ó. Tíṣà kò pè é. Ó ti ilẹ̀kùn náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì jókòó ti irin náà.