Ka Ohun Tí Ẹ̀rọ Sọ Kí O Tó Tẹ Àṣẹ Àjèjì

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Ìyàwó káfíńtà ti nu eruku pákó kúrò lórí tábìlì, ó ti gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ́ ìkànnì ayélujára fún àwọn ará àdúgbò. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Èmi ń kan ilẹ̀kùn, ìwọ ń kan ojú ewé. Káfíńtà méjì ló wà nílé yìí."

Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ń lò, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó mú ẹ̀rọ ògbólógbòó náà yára bí ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí kò dára. Bí fèrèsé dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí bá ti fèsì ohun tí kò yé e, kíá ni yóò tẹ "clear", gbogbo ọ̀rọ̀ náà yóò sì pòórá. Ó dà bí ẹni tó ń ya lẹ́tà kí ó tó kà á.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ìyàwó káfíńtà ló kọ́ ìkànnì wọn, òun ló sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ wọn.

"Àbúrò mi, wọ́n ti yí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára padà o. Kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ mọ́, ọ̀la ni. Oògùn yẹn kò lè pẹ́ nínú àpótí yìnyín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jọ̀wọ́, tún un kọ sórí ìkànnì kí ó tó di ọ̀sán, kí àwọn ìyá lè tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ wọn."

"Ṣé kò ju ìyẹn lọ? Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó yí ọjọ́ náà padà, ó ní kí ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un ṣe, ẹ̀rọ tún kọ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ìyàwó káfíńtà kò kà á. "Clear" ló tẹ̀.

Ni ó bá ké gbàjarè sínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ìkànnì lórí fóònù. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Àṣẹ dá a lóhùn: "Ẹ̀rọ rẹ ti dọ̀tí ni. Lẹ àṣẹ yìí sínú rẹ̀, yóò fọ gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní." Ó fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta tẹ̀ lé e.

Ìyàwó káfíńtà lẹ̀ ẹ́. Ó ku kí ó tẹ bọ́tìnì kan péré, ni ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé.

Màmá yìí fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tẹ ìwé ní ọ́fíìsì. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó gba kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fẹ́ jù nù, ó fi Linux sí i, ó ń tú u, ó sì ń tún un tò. Nítorí fèrèsé dúdú yẹn, Ìyá Onífèrèsé ni wọ́n ń pè é nílé.

"Ìyàwó mi, kí ló dé tí o ń làágùn bí ẹni tí wọ́n ń lé?"

"Màmá, ẹ̀rọ kò gbà kí n tọ́jú iṣẹ́ mi. Àmọ́ mo ti rí àṣẹ tó máa tún un ṣe."

"Ta ló fún ọ?"

"Ẹnì kan ni, Màmá."

"Ẹnì kan ọmọ ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Orí fóònù ni."

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀. Jókòó lé e!"

Màmá ti awò ojú rẹ̀ sókè imú, ó ka àṣẹ náà. "Wò ó. 'Sudo' tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yìí, kọ́kọ́rọ́ onílé ni. Ẹni tó bá lò ó, ohunkóhun tó bá wí ni ẹ̀rọ máa ṣe. 'Rm' ń sọ pé kí ó pa nǹkan rẹ́. Àmì tó lọ́ bí ejò lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Kí ló ń tọ́ka sí?"

Ìyàwó káfíńtà wò ó dáadáa. "Fódà ilé mi ni, Màmá. Ibi tí gbogbo iṣẹ́ mi wà."

"Àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ náà ńkọ́?"

"Ibẹ̀ náà ni. Mi ò ní ẹ̀dà mìíràn."

"Yéè! Olúwa mà ṣeun o. Ó ní òun máa fọ ilé rẹ mọ́. Òótọ́ ló sọ, ìgbálẹ̀ pàápàá kò ní ṣẹ́kù!"

Wọ́n pa àṣẹ náà rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́. Màmá ní, "Ó yá, tún gbìyànjú láti tọ́jú iṣẹ́ rẹ, kí a gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ máa wí."

Ọ̀rọ̀ náà jáde. Ọwọ́ ìyàwó ti ń rìn lọ síbi "clear".

"Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán! Mo mọ̀ pé o kì í jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀ tán, àmọ́ fún ẹ̀rọ láyè."

Wọ́n kà á. Ó ní kò sí àyè mọ́ lórí díìsìkì, àká tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí.

"O rí i?" ni Màmá wí. "Kò dọ̀tí rárá. Ó yó ni."

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, Màmá ní kí ó kọ́kọ́ da àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn náà kọ sínú fíláàṣì, ohun kékeré tí a ń kì bọ ẹ̀rọ láti fi gbé iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí ó tẹ "df -h", èyí tó ń fi hàn bí díìsìkì ṣe kún tó. Ó ti kún dé ẹnu. Wọ́n wá fi "du" wá ibi tó sanra jù. Fáìlì kan ṣoṣo ni, ibi tí ètò ìkànnì náà ń kọ ìròyìn ara rẹ̀ sí. Òun nìkan ló gba ìdajì díìsìkì.

Wọ́n wo ìparí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni: "Mo dé ibí. Mo dé ibí. Mo dé ibí."

Ìyàwó káfíńtà fi ọwọ́ bo ojú. "Èmi ni o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń wá ibi tí ètò náà ti ń kọsẹ̀. Mo ní kí ó máa kọ 'Mo dé ibí' bó bá ti kọjá ibì kan. Mo rí àṣìṣe náà, mo sì gbàgbé láti yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Ètò náà kò sì tíì sinmi láti ìgbà náà."

"Ó dé ibẹ̀ lóòótọ́," ni Màmá wí, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dé ibẹ̀ títí kò fi rí ọ̀nà jáde!"

Wọ́n dá ètò náà dúró. Wọ́n sọ fáìlì náà di òfìfo, "sudo" kankan kò sì wọ̀ ọ́, nítorí nǹkan ti ìyàwó káfíńtà fúnra rẹ̀ ni. Àyè yọ. Ó tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀, ó yọ "Mo dé ibí" kúrò, ó sì gbé ojú ewé tuntun náà sórí ìkànnì. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ kò tíì lù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè. Ohùn rẹ̀ ti há. "Àwọn ìyá kún ẹnu ọ̀nà láti òwúrọ̀, àwọn ọmọ ń ké bí ẹgbẹ́ akọrin tí kò ní olórí. Oògùn tán pátápátá nínú àpótí. Kò sí ọmọ kan tó padà sílé láìgbà á."

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń lo Linux, yálà ẹ fi ń ṣeré tàbí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ìkànnì, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀, ó sábà máa ń sọ ìdí rẹ̀, nítorí náà ẹ kà á tán, ẹ sì kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má ṣe lẹ àṣẹ tí ẹ kò lè túmọ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tó bá ní "sudo" tàbí "rm" nínú, bó ti wù kí ẹnu ẹni tó fún yín dùn tó. Iṣẹ́ tó bá ṣe pàtàkì, ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn kí ìṣòro tó dé. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rú yín lójú, ẹ pe ẹni tí ẹ mọ̀ nítòsí, ìbáà ṣe ìyá ọkọ yín. Ìtìjú ìbéèrè kì í pẹ́ lójú ẹni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún kan lè parẹ́ kí a tó pajú pẹ́.