Ẹ̀jẹ̀ Inú Ife Fàdákà

Kò kọ́kọ́ sẹ́ni tó gbà pé ọmọbìnrin tó ń nu fàdákà ni. Ìlà iwájú ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà jókòó sí nínú gbọ̀ngàn gbàǹjo, láàárín àwọn olówó tó ń kó àwòrán àti fàdákà àtijọ́ jọ. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, yàrá ẹ̀yìn ilé yẹn kan náà ló ti ń nu ìkòkò tíì àti ọ̀pá àbẹ́là kí wọ́n tó gbé wọn jáde fún títà. Dídán ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí ohun tó bá ti nù, èèyàn lè fi wo ojú.

Ní báyìí, bí Dídán bá ti gbé páálí nọ́ńbà rẹ̀ sókè, àwọn àgbà á wo ara wọn. Àwo tó dúdú bí ìdí ìkòkò ló máa rà. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, òǹtẹ̀ alágbẹ̀dẹ tó ti kú láti igba ọdún á yọ nídìí rẹ̀. Àwòrán tí eku ti jẹ létí ló máa gbé, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ayàwòrán ni yóò sì jẹ́ lábẹ́ ìdọ̀tí. Kì í ṣì í.

"Ṣé ojú lásán nìyí, àbí o ní awò?" Onígbàǹjo bi í lọ́jọ́ kan, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọlọ́run ni, sà."

Irọ́ ni. Tí Dídán bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ohun tó níye lórí, nǹkan náà á máa lù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kì, kì, kì, bí àyà èèyàn. Ó sì mọ ẹni tó ni àyà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni.

Káfíńtà tó ń kan férémù àwòrán ni ẹ̀gbọ́n yìí. Nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rán an nílé ìwé. Òun náà ló bẹ Onígbàǹjo kó gbà á síṣẹ́.

Bàbá Alátùn-únṣe, arúgbó tó ń tún fàdákà tó bá tẹ̀ ṣe, ló fa gbogbo rẹ̀. Dídán gbé ìkòkò tíì kan lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Arúgbó náà wò ó títí.

"Ó ti sú ọ láti máa nu ohun olóhun. Ìwọ náà fẹ́ jókòó níwájú."

Bàbá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Yàrá náà ò ní fèrèsé. Ó ń rùn bí irin tó dógùn-ún. Ife fàdákà kan ṣoṣo wà lórí àpótí, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri.

"Má ṣe dúró níwájú ẹnu rẹ̀," Bàbá sọ jẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá kọjú sí ló ń mu. Mú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fẹ́ràn rẹ wá, ọwọ́ rẹ á máa mọ ohun tó níye lórí. Ẹ̀kán kan péré."

"Ṣé ẹni náà máa kú?"

"Ṣé o gbọ́ ikú lẹ́nu mi?"

Lọ́sẹ̀ yẹn, irin iṣẹ́ gé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níka. Dídán fi àkísà dì í. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá mi." Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́! Àkísà yẹn ni Dídán fún sínú ife lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ náà wọ inú fàdákà bí omi ṣe ń wọ iyanrìn, Bàbá sì ń kùn lábẹ́ ahọ́n:

"Àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, ara igi ló fi ń jẹun. Iná ò ní ọkọ́, igi ló fi ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n ni igi, àbúrò ni àfòmọ́. Kí igi máa gbẹ, kí àfòmọ́ máa tutù."

Igi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lóòótọ́. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ń gbọ̀n, ètè rẹ̀ funfun. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń sọ fún: "Ẹ ò mọ àbúrò mi? Orí rẹ̀ pé!" Dídán ń ra oògùn fún un, àmọ́ kò lè wo ojú rẹ̀ tó bá ń gbé e fún un. Ó ń wo ìgò.

Nígbà tó yá, fàdákà dákẹ́. Dídán fọwọ́ kan ogún nǹkan, kò gbọ́ kì kankan. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ni wọ́n fẹ́ ta gbogbo ohun tí ìdílé ọlọ́lá kan kó jọ láti ìran mẹ́rin.

"Òùngbẹ ń gbẹ ife," Bàbá sọ fún un. "Ẹ̀kán ò tó o mọ́. Mú odidi rẹ̀ wá."

"Odidi kí ni, Bàbá?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé o fẹ́ kí n dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni?"

Ì bá dára tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ló bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ó rántí ìlà iwájú, ó rántí bí wọ́n ṣe ń dìde kí i. Ó fẹ́ nǹkan náà. Bó ṣe lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn pé Bàbá kan ń wá ẹni tó máa kan férémù fún òun.

Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá rìn tẹ̀lé Dídán débẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún un lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ti wọ yàrá ẹ̀yìn, Bàbá ti ilẹ̀kùn, ó yí ẹnu ife sí ẹ̀gbọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní imú ẹ̀gbọ́n. Kò kán sílẹ̀. Ó na tín-ínrín nínú afẹ́fẹ́ bí òwú, ó ń lọ tààrà sínú ife.

Ẹ̀gbọ́n wólẹ̀ lórí orúnkún. Ó rọ́ lọ síwájú Dídán, ó fi ara rẹ̀ bò ó.

"Àbúrò, sá! Jẹ́ kó mú èmi, sá lọ!"

Ó rò pé ẹni tí wọ́n tàn jẹ ni Dídán náà.

Dídán pariwo. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá ife náà mú. Ó gbóná bí ẹyin iná, awọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń dún ṣáà, àmọ́ kò jù ú sílẹ̀. Ó yí ẹnu rẹ̀ sí Bàbá.

"Káfíńtà!" Bàbá kígbe. "Òun ló mú ọ wá! Òun ló fún ẹ̀jẹ̀ rẹ láti inú àkísà! Òun ló..."

Ohùn rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ tú ní ojú, ní etí, lábẹ́ èékánná rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wọ ife lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn, awọ rẹ̀ ká jọ bí ewé gbígbẹ. Ohun tó ṣubú sílẹ̀ ò wúwo ju aṣọ tó wọ̀ lọ. Ife náà sán lójú kan, ó pín sí méjì.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wo ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mú ọ̀pá rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.

Ní ilé ìwòsàn, ìyá wọn sáré wọlé láì wọ bàtà. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Iná ló sọ, Màmá. Àbúrò mi ló fọwọ́ rẹ̀ yọ mí." Ó sọ ọ́, ó sì kọjú sí ògiri.

Ìyá wọn bú sẹ́kún. Ó gbé ọwọ́ lé orí Dídán, ó ń ṣàdúrà: yóò rí ẹni ṣe é fún un, àwọn ọmọ rẹ̀ á fẹ́ràn ara wọn bí òun ṣe fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe àmín.

"Màmá," Dídán sọ, "ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lórí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí mo ṣe."

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó tó dé ìdajì, ọwọ́ náà ti kúrò.